Igi Ẹ̀gẹ́ Tí Mo Ṣèlérí

Ọjọ́bọ̀, Ìsìkàn, Àkúrẹ́.

Kúnlé, ààrẹ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa, ló ní kí èmi akọ̀wé ṣèlérí igi ẹ̀gẹ́ tí ìjọba máa fún wa fún ilé ìwé kan lábúlé lẹ́yìn Oǹdó. Lónìí mo padà débẹ̀. Àwọn ọmọ ti kọ ebè sílẹ̀. Tíṣà wọn ní, "Àǹtí akọ̀wé, igi dà?"

Mo pe Kúnlé. Ó ní ìjọba ò tíì kó o dé.

Nígbà tí mò ń bọ̀, mo yà kí bàbá rẹ̀ lóko. Ẹ̀gẹ́ tuntun ti ń rúwé níbẹ̀. Inú bàbá dùn: "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Kúnlé ní ẹgbẹ́ yín ló fi ta mí lọ́rẹ."

Mo kúnlẹ̀, mo ní wọ́n kú iṣẹ́.

Kúnlé, tí mo polongo ìbò fún!

Èmi làwọn ọmọ yẹn mọ̀. Wọn ò rí Kúnlé rí.