Òjò Tí Wọ́n Ní Mo Gbé Lọ

Houston, Texas,
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹjọ, 1983.

Sìkírátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera bí Ó ṣe fún èmi náà. Ìwọ lo máa ń ka lẹ́tà mi fún Bàbá mi. Jọ̀wọ́, má ka èyí sókè.

Inú mi dùn nílé ọkọ, ó dùn débi pé mo máa ń dá rẹ́rìn-ín níbi tí mo bá ti ń fọ abọ́. Ilé wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò Alief, Ùsáínì ọkọ mi kì í jẹ́ kí n gbé ẹrù wúwo, níwájú gbogbo ará mọ́ṣáláṣí ló ti ń pè mí ní Ìyàwó Mi títí ojú á fi tì mí. Ayọ̀ yìí ni mo fẹ́ kọ sí ọ kí lẹ́tà rẹ tó dé.

O ní láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ni òjò ti kọ̀, pé ọkà bàbà gbẹ lórí ìdúró. O ní ará ìlú ń sọ pé èmi ni mo gbé òjò lọ, nítorí pé kò sẹ́ni tó da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Òótọ́ ni. Pápákọ̀ òfuurufú ni ọkọ mi ti wá pàdé mi.

Ti Bàbá ló dùn mí jù. O ní Bàbá dìde láàárín ìpàdé ìlú, wọ́n ní, “Ọdún tí eṣú jẹ oko wa, ọmọ ta ló lọ ilé ọkọ? Ọdún tí odò Mọ́ṣì gbẹ tí a ń fẹsẹ̀ rìn ín kọjá, Sàrátù kò tíì dáyé.” Ẹnì kan sì fèsì pé, “Bàbá Oníràwọ̀, ẹ kàn ń gbè sẹ́yìn ọmọ yín ni.” Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún bi Bàbá ní ìgbà tí ìràwọ̀ ní ká gbìn. Bàbá náà kò gun àpáta lọ wo ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́ mọ́.

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí àyíká funfun tó yí òṣùpá ká, èyí tí Bàbá kọ́ wa pé àmì òjò ni. Mo sáré pe ọkọ mi pé òjò ńlá ń bọ̀. Ó ní, “Ìyàwó Mi, tẹlifíṣọ̀n ti sọ ọ́ láti àárọ̀.”

Ìjì náà dé. Ó fa igi tu, ó fọ́ gíláàsì ilé gogoro, mọ́tò ń léfòó lójú títì. Nígbà tó dá, Ùsáínì gbé ìkòkò tó fi gbe omi òjò wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n kọ̀wé sílé pé a ti ṣe é. Ẹ̀rín ni mo ń rín, àfi ìgbà tí mo wo inú ìkòkò. Mo bi ara mi pé, òjò ta ni yìí? Ni mo bá bú sẹ́kún.

Mo mọ̀ pé òjò kì í wọ bàálù. Mo ka ìwé dé Fọ́ọ̀mù Fáìfù. Ṣùgbọ́n bí ará ìlú bá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí, wọn á ní ibi tí mo gbé e lọ nìyẹn, kò sì sí ọdún tí Bàbá lè kà tí yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Iléyá ọdún tó ń bọ̀ tí mo ní a ó wálé, n kò lè wá mọ́.

Kí Ọlọ́run rán omi sí ilẹ̀ wa. Kí Ó má jẹ́ kí Bàbá mi jìyà ayọ̀ mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan,
Sàrátù.

Àfikún: Sọ fún Bàbá pé àlàáfíà ni mo wà, pé ọkọ mi ń kí wọn. Wọn á béèrè bí ojú ọ̀run ṣe rí níbí, nítorí ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Sọ fún wọn pé ó mọ́ roro, pé ilẹ̀ gbẹ.