Oiva Ò Tíì Pààrọ̀ Táyà

Kemijärvi, oṣù kẹwàá

Jouko ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Maarit aya rẹ, mo kí ọmọ-ọmọ mi tí n kò tíì gbé pọ̀n rí. A ti wa ọ̀dùnkún tán. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí. Ọjọ́bọ̀ ni bàbá rẹ máa fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù.

Ìrìn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Yìnyín ti ń bo ọ̀nà láràárọ̀, táyà ìgbà ooru ló sì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wa. Lánàá, lórí afárá, ọkọ̀ yọ̀, ó ń pòòyì. Irin ẹ̀gbẹ́ afárá ló dá wa dúró.

Táyà òtútù, èyí tó ní ìṣó lára kí ọkọ̀ má bàa yọ̀ lórí yìnyín, wà ní ṣẹ́ẹ̀dì. O mọ eré bàbá rẹ àti Oiva aládùúgbò wa: ẹni tó bá kọ́kọ́ pààrọ̀ táyà lọ́dún ni ojo. Ọdọọdún ni Oiva ń ṣáájú. Bàbá rẹ a yọrí lójú fèrèsé: "Oiva ojo! Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, o ti sá!" Oiva a ní, "Tauno, ojo ló ń pẹ́ láyé!" Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, bàbá rẹ ti pààrọ̀ tiẹ̀.

Oiva kú ní oṣù kẹfà. Mo ní kí bàbá rẹ pààrọ̀ táyà, ó ní, "Oiva ò tíì pààrọ̀ tiẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní Kánádà. Jọ̀wọ́, pè é kó tó di Ọjọ́bọ̀. Má bẹ̀ ẹ́ o, kò ní gbọ́. Sọ fún un pé ìwọ ti pààrọ̀ táyà tìrẹ, kó lè rí ẹni pè ní ojo.

Ìyá rẹ,
Hilkka