Okùn Tí Wọ́n Fẹ́ Ta sí Ojú Ọ̀nà Glasgow

Newton Heath, Manchester
Oṣù Kejìlá, ọdún 2019

Èmi, Roseline Ọlápàdé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ń kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi. Bàbá Adédèjì, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ láti Ìdí-Oṣè lẹ́bàá Ìmẹ̀kọ, ni wọ́n ń sọ ọ́, tí mo sì ń kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Wọn kò kàwé. Ọ̀dọ̀ Olúbáyọ̀ ọmọkùnrin wọn ni wọ́n wà, ilé rẹ̀ sì kọjú sí tèmi. Fúnmi ọmọbìnrin wọn, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Glasgow, ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọn kò gbà kí Olúbáyọ̀ kọ ọ́, wọ́n ní ó máa ń rẹ́rìn-ín, pé ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá ń fi ẹ̀rín kọ kì í pé. Níbi tí mo bá ti sọ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Fúnmi, Àbẹ̀kẹ́ mi, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́ òru, mo kí ọ kú ọjọ́ tí a ti rí ara wa gbẹ̀yìn. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òtútù ìlú yìí pa àwọn ẹyẹ tó ń sùn sórí òrùlé Olúbáyọ̀, kò ní jẹ́ kó pa ìwọ tí o ní búláńkẹ́ẹ̀tì. Àwọn aláìsàn tí o ń gbé dìde kò ní fà ọ́ lulẹ̀. Bí o bá bèèrè èmi náà, orúnkún mi ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró, ti òsì dákẹ́, ẹnu mi sì pé.

Ẹ̀hìndé àbúrò mi pè láti ilé. Ó ní iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ó ń jókòó wò ó ni, nítorí àwọn ará Kétu tó máa ń wá kó o kò tíì lè kọjá ààlà. Ó ní ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Ó ní òrùlé yàrá tí o máa ń sùn ń jò, pé òun ti fi páànù kan bò ó, ṣùgbọ́n òun kò tíì sọ fún ẹni tó ni páànù, nítorí náà má ṣe dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó ti Ìyá Ọlápàdé lónìí nìyí. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń jà nínú tẹlifíṣọ̀n Olúbáyọ̀. Wọ́n á to àwọn olóṣèlú sórí ìdúró, olúkúlùkù lẹ́yìn tábìlì gíga kan tí kò sí oúnjẹ lórí rẹ̀, ẹnì kan á máa bi wọ́n ní ìbéèrè, kí ẹni àkọ́kọ́ sì tó dáhùn tán, èkejì ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní ta ni àgbà wọn níbẹ̀. Olúbáyọ̀ ní wọn kò mú àgbà wá, pé àwọn tó ń wò wọ́n nílé ni yóò dá ẹjọ́ náà. Fúnmi, ẹjọ́ gbogbo ìlú, àwọn tó nà gbalaja sórí àga, tí wọ́n ń jẹ ọ̀dùnkún díndín, ni yóò dá a! Inú mi ti bàjẹ́ láti ibẹ̀ kí n tó gbọ́ ohun tí ìjà náà dá lé lórí.

Àwọn kan ní àwọn yóò gba rélùwéè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kó di ti ìjọba, pé àwọn yóò gba omi ẹ̀rọ, àwọn yóò gba iná, àwọn yóò gba iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ pàápàá. Mo ní Olúbáyọ̀, a gbé! Nígbà tí rélùwéè wà lọ́wọ́ ìjọba wa, mo gbé iṣu lọ sí ìdíkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ ni mo bá láàárín irin méjèèjì, ó ń jẹko, kò sì kánjú, nítorí ó mọ̀ pé kò sí ohun tó ń bọ̀. Olúbáyọ̀ ní ti ibí yàtọ̀, pé àwọn aládàáni ni kì í jẹ́ kí òun tètè dé ibi iṣẹ́ ní Stockport, pé ọdọọdún ni wọ́n sì ń fi kún owó ọkọ̀. Mo ní bó bá jẹ́ pé èèyàn ló ni ín, o lè lọ bá a nílé kí o bú u. Ìjọba ńkọ́, ilé wo lo fẹ́ lọ? Ó ní ìdìbò ni wọ́n fi ń bú ìjọba. Mo gbà fún un, nítorí Ìyá Ọlápàdé wà níjòókòó, kò sì dára kí bàbá máa borí ọmọ lójú àlejò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kánjú kọ ìwé yìí, kí wọ́n tó gba iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́. Àpótí irin pupa kan wà ní ìkángun àdúgbò yìí tó la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n ní kí n kàn ju ìwé mi sí i lẹ́nu. Mo lọ dúró tì í títí ìka ẹsẹ̀ mi fi kú, n kò rí ẹnikẹ́ni tó jókòó tì í, n kò rí ẹni tó ni ín. Nílé, dírẹ́bà tí a mọ orúkọ ìyá rẹ̀ là ń fi ìwé rán. Jasmine, ọmọbìnrin tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa, ló máa gba èyí lọ́wọ́ mi. Mo ti bèèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ Brexit ńkọ́, ìjà pé kí ìlú yìí jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù? Ìyá Ọlápàdé ló là á yé mi, ó sì yé mi ju bó ṣe yé òun fúnra rẹ̀ lọ. Obìnrin kan ló ní òun kò ṣe ilé ọkọ mọ́. Ó di ẹrù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí, ẹrù ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin ṣì wà nílé ìdáná, ó ń bu ọbẹ̀. Àwọn kan ń pariwo pé kó máa lọ. Àwọn kan ní kó jókòó. Àwọn kan ní kí a tún bi í léèrè, bóyá ìbínú ló fi sọ ọ́ nígbà yẹn. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù rárá. Mo ti rí i nílé Ẹ̀hìndé.

Ẹni tó bà mí lẹ́rù ni ẹnì kan tó dúró ní ìkángun, tó ní bí obìnrin yìí bá fi lè lọ, àwọn ará Scotland kò bá a lọ, àwọn náà á ya ilé tiwọn sọ́tọ̀. Mo ní kí Olúbáyọ̀ dín ariwo kù. Mo ní Scotland wo nìyẹn? Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni Glasgow wà? Ó ní ibẹ̀ ni. Mo ní Glasgow tí Fúnmi wà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ jẹun yín. Fúnmi, oúnjẹ náà wà níbẹ̀ di òwúrọ̀.

Mo pè ọ́, o rẹ́rìn-ín. O ní ìbò ti oṣù yìí kọ́ ló máa ya Scotland sọ́tọ̀, pé bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ yà á, ọdún gbọọrọ ni yóò gbà, pé ààlà tó wà níbẹ̀ báyìí kò ju pátákó kan lẹ́bàá ọ̀nà lọ, pé mọ́tò kì í tilẹ̀ dúró wò ó. Ọ̀rọ̀ pátákó yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Tiwa náà, òpó símẹ́ńtì kan péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ní òyìnbó méjì ló wá rì í nígbà ayé bàbá tirẹ̀, ọ̀kan láti ìlú tí mo wà yìí, ọ̀kan láti ilẹ̀ Faransé. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n tilẹ̀ ra àgbàdo sísun jẹ. Àárín oko wa ni òpó náà bọ́ sí. Abà wà ní ìhà ìhín, ebè iṣu wà ní ìhà ọ̀hún. Orí òpó yẹn ni ìyá mi ń sá ata sí. Orí rẹ̀ ni mo ń sọ ẹ̀kọ bàbá mi kalẹ̀ sí bí ọwọ́ bá ti ń ro mí. Bí ẹnì kan bá sọ fún wa nígbà náà pé òpó yìí ló pín ayé sí méjì, a ó bi í bóyá ó ti jẹun láti àárọ̀. Rodiyat ẹ̀gbọ́n mi lọ fẹ́ ọkọ sí Kétu ní ìhà ọ̀hún, kò sì sí ẹni tó ní ó lọ sókè òkun. Bó bá se ọbẹ̀ tó dùn, ó lè gbé díẹ̀ wá fún wa.

Lóṣù kẹjọ tó kọjá, rédíò kàn ń sọ ọ́ ni pé wọ́n ti ti ààlà. Ara ẹ̀gbọ́n mi kò yá, wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí. Mo dé ẹ̀bá òpó, mo bá okùn. Okùn lásán ni, Fúnmi, wọ́n so ọ̀rá pupa mọ́ ọn kí mọ́tò lè rí i. Sójà kan tí kò tó Olúbáyọ̀ ní kí n mú ìwé mi wá. Mo ní ìwé wo? Èmi tí mo ti ń gba ọ̀nà yìí gbé ẹ̀kọ lọ fún bàbá mi kí wọ́n tó bí bàbá tirẹ̀! Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, àṣẹ ni. Kò tilẹ̀ burú lọ́mọ, ó fún mi lómi mu. Mo jókòó sídìí okùn. Àwọn ewúrẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ìwé. Ibẹ̀ ni mo wà tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi wá dúró ní òdìkejì, tí wọ́n ṣí fìlà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti lọ.

Ìyẹn ni Olúbáyọ̀ fi ní kí n wá sinmi ní Manchester. Mo wá sinmi, mo sì bá okùn tó ń bọ̀.

Ìyá Ọlápàdé ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní òun ti wà nílùú yìí láti ìgbà tí òun ti wà ní wúńdíá, òun ti rí ìbò lóríṣiríṣi, òun kò rí okùn kankan rí. Mo ní àwa náà kò rí i rí ní Ìdí-Oṣè, àfi oṣù kẹjọ. Ó ti tún gbé bírò.

Wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí Olúbáyọ̀ pé kí òun náà wá dìbò, nítorí wọ́n ti jọba lé ilẹ̀ wa lórí rí. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní àlejò kì í dá sí ogún pínpín, bó bá bàjẹ́, òun ni wọ́n á rántí. Ṣùgbọ́n mo ti yí ohùn padà. Mo ní kó lọ, kó sì bi wọ́n léèrè ibi tí èèyàn ń tẹ̀ka sí pé kí wọ́n má ta okùn. Ó ní kò sí irú àyè bẹ́ẹ̀ lórí ìwé ìbò Manchester. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Ó ní ìbò òun á bàjẹ́. Fúnmi, èwo ló sàn, kí ìbò bàjẹ́ ni àbí kí ẹbí bàjẹ́?

Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni ìbò, pé wọ́n á kà á mọ́jú Ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá fẹ́ ta okùn kì í kọ́kọ́ kéde. Ibi tí ilẹ̀ bá ti mọ́ bá ọ, wọ́n á ní ibẹ̀ ni tìrẹ. Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, wá sí ìhà ìhín kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ara bàbá rẹ kò yá. Irọ́ kọ́, orúnkún wà níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní ìwọ lo ni iṣẹ́ òru ọjọ́ náà, pé àwọn arúgbó tí o ń tọ́jú kò mọ ẹlòmíràn lóru. O kò ní fi wọ́n sílẹ̀. Èmi kọ́ ni n ó ní kí o fi wọ́n sílẹ̀, èmi tí mo ti fi oko sílẹ̀ rí nítorí ewúrẹ́ tó ń rọbí. Mo ti ro ó. Bí ìwọ kò bá lè wá, èmi á wá.

Ohun tí mo ń tọrọ nìyí. N kò tọrọ owó fìlà, n kò tọrọ owó ẹran, owó ọkọ̀ ni kí o fi ránṣẹ́. Má fi rán Olúbáyọ̀. Ó ní inú fóònù òun ni báǹkì òun wà. Mo gbọ̀n ọ́n, kò dún. Ìyá Ọlápàdé ni kí o fi rán, òun ní báǹkì tó ní ilẹ̀kùn. Owó àlọ nìkan ni kí o sì fi ránṣẹ́. Olúbáyọ̀ ní bí a bá san àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ó dínwó. Mo ní kó má bá mi dá ọjọ́ àbọ̀.

Mo ti ká aṣọ mi. Gàrí wà nínú àpò. Orí àga ni n ó sùn nílé rẹ, n kò ní dí ọ lọ́wọ́. Bí o bá lọ síbi iṣẹ́, n ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wàá fi dé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tí kò sí okùn, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín títí ó fi máa rẹ̀ yín, èmi náà á bá yín rín in. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta á, kó bá èmi àti ìwọ ní ìhà kan náà. Olúbáyọ̀ ní òun ńkọ́, ṣé òun kì í ṣe ọmọ ni? Mo ní ọkùnrin ni, kó dìde kó tẹ̀ lé mi. N kò ní jókòó sídìí okùn lẹ́ẹ̀kejì.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ibi tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá di ibi tí ọmọ mi kò lè gbà. Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ lójú. Ẹni tó bá pè ọ́, wàá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá a láàyè. Àmín.

Àmì Bàbá Adédèjì, àtàǹpàkò ọ̀tún: ✕

Ẹlẹ́rìí kìíní: Olúbáyọ̀ Adédèjì, ọmọ wọn. Wọ́n ní kó má rẹ́rìn-ín bó ti ń fọwọ́ sí i. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́rìí kejì: Jasmine, tó ń pín lẹ́tà. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó ní ohun tí òun lè jẹ́rìí sí ni pé Bàbá fúnra wọn ló tẹ̀ ẹ́, pé òun yóò sì mú un lọ lónìí.