Ẹ̀yìn Ìwé Dádì

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá
Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Dádì. Ọ́fíìsì Ogudu yẹn, tí wọ́n ti ń tọ́jú sítọ́ọ̀ láti ọdún tí wọ́n bí mi — ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n gbé páálí kan wálé: kọ́ọ̀bù tíì, sálúbàtà, àti ìwé tí ọ́fíìsì ti tẹ̀ lójú kan tí wọn ò lò mọ́. Irú ìwé yẹn ni wọ́n máa ń kó wá fún èmi àti Success àbúrò mi, ká máa fi ẹ̀yìn ẹ̀ kọ nǹkan. Ó pọ̀ débi pé a lè fi bo gbogbo òrùlé Ketu. Òun náà ni mo ń kọ èyí sí.

Dádì ní a ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. "Démiládé, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí." Àbí kí ni mo ṣe? Ẹnu mi ò kúkú ju rédíò mẹ́ta lọ.

Wẹ́sìdeè, 8
Dádì ò jẹun.

Fúráìdeè, 10
Dádì ò lọ sí ìdánrawò kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ládé, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń kọ báàsì, pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Dádì ní kí n sọ pé àwọn ń wẹ̀. Bàbá Ládé ní, "Démi, ṣé awọ ara ni bàbá ẹ ń bó ni?"

Sátidé, 11
Mọ́mì ti ọjà Mile 12 dé pẹ̀lú tòmátì tó ti rọ̀. Wọ́n ní ọbẹ̀ ò ní mọ̀. Success bú sẹ́rìn-ín. Dádì kọjú sí ògiri. Ohùn orin wọn yẹn tó máa ń gbọn fèrèsé ilé mẹ́fà — mi ò gbọ́ ọ láti Mọ́ńdè. Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi tí mo lé àgbèrò méjì sá ní Ketu. (Irọ́. Àwọn ló lé mi.)

Sọ́ńdè, 12
Mo ti bà á jẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní Sọ́ńdè kejì oṣù, èèyàn á kọ ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ sórí ìwé láìfi orúkọ sí i, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, Pásítọ̀ á kà á síta. Dádì ò wá. Mo kọ tèmi: "Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá kan. Wọn ò jẹun, wọn ò kọrin. Olúwa, ẹ bá wọn dá ohùn wọn padà." Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ọgbọ́n mi ju ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ.

Pásítọ̀ gbé ìwé sókè láti kà á. Gbogbo àwọn tó wà níwájú rí òdìkejì ẹ̀: orúkọ Dádì, gàdàgbà, lábẹ́ àmì ọ́fíìsì wọn.

Mọ́mì já mi léèékánná nítan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kan àjà.

Mọ́ńdè, 13
Dádì ti gbọ́. Wọn ò pariwo. "O tú mi síhòòhò, Démi." Ìyẹn nìkan. Ká ní wọ́n fi ọmọ odó nà mí ni, ì bá sàn.

Tọ́sìdeè, 16
Dádì ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹrin rèé.

Ilé kún. Àǹtí Kúnbi, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, gbé iṣu wá. Dádì ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Bàbá Ládé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Wọ́n ní, "Bàbá Démi, nígbà tí wọ́n lé èmi náà níbi iṣẹ́, ta ló ń gbé Ládé lọ síléèwé láràárọ̀? Ṣé mo tìlẹ̀kùn mọ́ ẹ?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ báàsì orin Sọ́ńdè — ó burú, àfi bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo ń tán nínú ẹ̀. Wọn ò dákẹ́. Mọ́mì fọwọ́ bo ẹnu.

Láti inú yàrá: "Ó ti ga jù."

"Wá bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà náà."

Kọ́kọ́rọ́ yí.

Fúráìdeè, 17
Dádì jẹ iṣu. Díẹ̀. Wọn ò wojú mi.

Sọ́ńdè, 19
Iṣẹ́ ò tíì sí o. Kí n tètè sọ ìyẹn.

Ká tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Dádì pè mí. "Démi, báírò ẹ dà?" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti Mọ́ńdè. Mo fẹ́ sáré lọ mú ìwé wá, wọ́n ní àwọn ní. Wọ́n yọ ọ̀kan lápò, wọ́n kọ ọ́ lórí tábìlì: "Èmi ni bàbá yẹn. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mo mọ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà, ẹ sì bá mi béèrè iṣẹ́." Wọ́n kọ orúkọ sábẹ́ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá: Charles Adégbọlá Ògúntúndé. Wọ́n ní kí n gbé e fún Pásítọ̀.

Mo yí i padà lọ́nà. Lẹ́tà tí ọ́fíìsì fi lé wọn níbi iṣẹ́ ni.