Ògbufọ̀ Inú Kòǹpútà àti Apẹ̀rẹ̀ Obì Yín

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Kánò níhìn-ín. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń bá yín ṣa obì, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ìlá. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí síta, nítorí àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà nídàálẹ̀ yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Kò sí ẹni tí mò ń bá sọ èdè wa níbí. Etí mi ń wá a.

Ọyẹ́ ti dé. Ó ń mú kí ewé inú apẹ̀rẹ̀ obì gbẹ nílé tí ọ̀gá mi ń kó obì sí, nítorí náà apẹ̀rẹ̀ tó kọ́kọ́ dé la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú, ká pààrọ̀ ewé rẹ̀, ká ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára apẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó dé àti ibi tó ti wá wà nínú àtẹ kan lórí kòǹpútà. Nígbà tí ọ̀gá ra kòǹpútà tuntun, ètò tí a fi ń ka àtẹ náà kò rí i mọ́. Ó ní òun kò rí díráfà, ìyẹn ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ètò àti àtẹ. Rakíyà, ọmọbìnrin tó ń mójú tó kòǹpútà wa, tún díráfà náà fi sínú rẹ̀ títí ó fi sú u. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ètò ń sọ. Apẹ̀rẹ̀ kún ilé dé òrùlé, gbogbo wọn jọra, tiyín sì wà nínú wọn. Oníṣẹ́ ìta tí ọ̀gá fẹ́ pè, owó ọkọ̀ mi dé Ìlá ló fẹ́ gbà kó tó jókòó.

Mo bi Rakíyà bóyá díráfà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó fi hàn mí; ó wà. Mo wá rántí ògbufọ̀ tó ń tẹ̀lé àwọn Hausa wá ra obì lọ́wọ́ yín. Ó gbọ́ Hausa, ó gbọ́ Yorùbá Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n bí Bàbá bá fi Ìgbómìnà sọ̀rọ̀, á dákẹ́, Bàbá á sì béèrè bóyá odi ni wọ́n mú wá bá òun. Mo ní bóyá ògbufọ̀ tiwa náà wà níbẹ̀, tí kò kàn gbọ́ èdè ẹnì kan. Rakíyà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ Ìlá tún ti gbé ìtàn dé, òun kò sì ní owó tí òun yóò fi rà á. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi tẹjú mọ́ kòǹpútà. Ó ní ètò tó wà lórí kòǹpútà tuntun yìí jẹ́ oníbíìtì mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, díráfà tí òun gbé wá láti ara ti àtijọ́ sì jẹ́ oníbíìtì méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ní bí èdè méjì ni, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Wọn ò kàn lè gbọ́ra. Ó wá èyí tó bá ètò náà mu, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó tún àtẹ so mọ́ ọn, ọjọ́ gbogbo jáde.

Tiyín ló pẹ́ jù níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo tú u. Ewé òkè ti gbẹ, ó ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ewé kejì tí ẹ máa ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, tí Bàbá ń pè ní ìnákúnàá, ó tutù síbẹ̀. Obì kò bàjẹ́. Rakíyà béèrè ẹni tó dì í, mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí n kí yín.

Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tó yá, ògbufọ̀ yẹn ń bá Bàbá ná ọjà láìsí wàhálà. Ta ló kọ́ ọ ní Ìgbómìnà? Ẹ̀yin ni mo fura sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ara yín máa tutù bí ewé ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín ní Kánò,
Jímọ̀