Ìpàdé Tí Ràódàt Darí ní Awendjé

                                        Batterie IV,
                                        Libreville,
                                        Gabon.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ọmọlará, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara yín le ní Ṣakí? Ṣé orúnkún Bàbá ò yọ wọ́n lẹ́nu mọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni mo wà; òjò ibí nìkan ló ń bá wa jà.

O mọ̀ pé Sheriffdeen àbúrò rẹ fẹ́ fi Ràódàt ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń ṣe níbí, kó lè gbọ́ Yorùbá, kó sì mọ ìkúnlẹ̀ kó tó wọ ilé-ìwé gidi. Ó ní jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ ń lọ kì í ṣe ilé-ìwé: wọ́n ń gbẹ́ iyanrìn, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń sùn lọ́sàn-án. Muslimat ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ kí ọmọ lọ, ṣùgbọ́n kì í tíì la ẹnu tán tí ọkọ rẹ̀ á fi ti dáhùn.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n pe ìpàdé sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn ní Awendjé. Wọ́n ní kí èmi náà wá, torí wọ́n gbà pé ẹni tó lọ yunifásítì mọ nǹkan. Gbogbo ẹnu ló ń ṣiṣẹ́, etí kankan ò sí níbẹ̀. Bàbá Buraimoh, Alhaji àgbà wa níbí, ń sọ̀rọ̀, Uwais ọ̀rẹ́ Sheriffdeen ń sọ̀rọ̀ lé e lórí, ẹnì kan sì wà lórí fóònù láti Kútọnu tó ń bá gbogbo wa wí.

Ràódàt, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló dìde. Ó mú àlùbọ́sà kan nínú apẹ̀rẹ̀ ọjà, ó gbé e lé Bàbá Buraimoh lọ́wọ́.

"Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù, silence. Bí Madame Régine tíṣà wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Alhaji tó ti lọ Mẹ́kà di àlùbọ́sà mú bí ẹyin. Ó sọ tirẹ̀, ó gbé e fún ẹni tó kàn. Uwais fẹ́ já lu ọ̀rọ̀. Ọmọ náà fi ìka lé ètè, ó ń wò ó títí ó fi panu mọ́. Sheriffdeen tún ọ̀rọ̀ iyanrìn sọ. Ló bá kan Muslimat.

"Ó ń dúró de ìgbà tirẹ̀," ni Muslimat wí. "Ó ń gbọ́ àlàyé tán kó tó ṣe nǹkan. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Nídìí iyanrìn yẹn ló ti kọ́ gbogbo ẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́ níbẹ̀ báyìí, ta ló máa kọ́ ọ ní ìyókù? Ẹ̀yin?"

Sheriffdeen la ẹnu. Àlùbọ́sà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa á dé.

"Mi ò tíì parí. Yorùbá, èmi ni màá kọ́ ọ. Ẹ̀yin náà, ẹ yé fi Faransé rán an níṣẹ́. Ọmọ mi ò lọ síbì kankan."

Muslimat ò gbé àlùbọ́sà náà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé e lọ sídìí iná, ó gé e sínú ọbẹ̀, ìpàdé sì parí. Sheriffdeen náà jẹ nínú ọbẹ̀ ọ̀hún.

Nítorí náà, má retí Ràódàt àfi nígbà ìsinmi gígùn. Tó bá dé, tó ń to àwọn ọmọ rẹ sórí ìlà kí wọ́n tó fọwọ́, jọ̀wọ́, ìwọ náà tò sẹ́yìn wọn.

Bá mi kí Àrẹ̀mú ọkọ rẹ àti gbogbo ilé.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọkàn rẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ rẹ,
Olúkẹ́mi