Ìró Ìrìn Nínú Iṣan Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí. Kí ẹnikẹ́ni má gbà mí nímọ̀ràn.

Dọ́kítà fi ẹ̀rọ kan ra iṣan tó wú ní ẹsẹ̀ mi, ó ní kí n gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni mo gbọ́. Wọ́ọ́, gbì. Wọ́ọ́, gbì. Ìrìn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti kú ni.

Irú iṣan yìí ló bẹ́ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nígbà tí à ń ti ọjà Avrankou bọ̀, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Mo ru ẹrù wọn lé tèmi títí dé Àjàṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ tìẹ bá kọ̀, màá ru tìẹ."

Ọmọ mi Filomẹ́nì túmọ̀ Faransé dọ́kítà fún mi: "Ìyá, abẹ́rẹ́ nìkan ò tó mọ́. Wọ́n á ki okùn tín-ín-rín bọ inú iṣan náà, wọ́n á fi ooru dí i pa. Ẹ ó fẹsẹ̀ rìn wálé lọ́jọ́ náà."

"Ẹsẹ̀ ta ni?" ni mo bi í. Ó rò pé àwàdà ni.

Tí wọ́n bá dí i, ibo lẹ̀gbọ́n máa gbà...

Mo ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ fífún tí wọ́n ní kí n máa wọ̀, mo gbé ẹsẹ̀ lé àpótí. Kò sí ẹ̀rọ nínú yàrá yìí. Wọ́ọ́, gbì.

Màá lọ kí wọ́n dí iṣan náà lọ́jọ́ Ajé, torí pé èmi ló wù.

Ẹ̀gbọ́n, ẹrù kan lẹ jẹ mí. Ẹ wá rù ú.